Bí A Ṣe Ń Padà Sí Fífò Láti Inú Bàálù Lẹ́yìn Ìsinmi Pípẹ́

Lọ́jọ́ tí mo gbé páráṣúùtì mi sọ̀kalẹ̀ láti orí wọ́dùróòbù, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tó ti wà níbẹ̀, ìyá onílé wa yọjú lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Kánópì òde ìnáwó lo tún ń yá àwọn èèyàn báyìí? Èyí mà kéré o." Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò jẹ̀bi. Àwa tí à ń fò náà ń pè é ní kánópì, àmọ́ tiwa ò ní irin, kò sì sí àga lábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbé, láti òkè wá sílẹ̀.

Ẹni tó ti kọ́ fífò rí ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún: ẹni tó ti gba láísẹ́ǹsì, tí iṣẹ́, ọmọ títọ́ tàbí àìrówó wá yọ ọ́ kúrò nídìí ẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, fún ọdún márùn-ún. Ẹni tí kò fò rí ò lè fi í kọ́ ara rẹ̀, ọ̀dọ̀ tíṣà ni kó lọ. Kò sí pápá ìfò ní Àkúrẹ́. Àwa díẹ̀ tí a ti Amẹ́ríkà, England tàbí Gúúsù Áfíríkà kọ́ ọ wá sílé, ìgbà tówó bá jọ tí físà sì jáde la máa ń fò, ìdí nìyẹn tí àlàfo wa fi máa ń gùn. Ohun tí mo wá rí ni pé orí kì í gbàgbé fífò, ọwọ́ ló ń gbàgbé. Mo lè ka gbogbo ìgbésẹ̀ láìkọsẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ tí mo ní kí ọwọ́ ọ̀tún mi lọ bá ibi tí yóò ti fa páráṣúùtì, àpò sòkòtò ló lọ. Ọwọ́ sì ṣeé tún kọ́ ní pálọ̀ ní Àkúrẹ́, kó tó di pé ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ìwé àti fóònù

Ẹ wá ìwé àkọsílẹ̀ fífò yín jáde kẹ́ ẹ wo ọjọ́ tẹ́ ẹ fò kẹ́yìn, iye ìgbà tẹ́ ẹ ti fò látìbẹ̀rẹ̀, àti bí kánópì tẹ́ ẹ ń lò ṣe tóbi tó. Ìlànà USPA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fò ní Amẹ́ríkà, ni èmi ń tẹ̀ lé nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ ọ. Wọ́n ní kí ẹni tó ní láísẹ́ǹsì A, tó kéré jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (D ló ga jù), tó bá ti lé ní ọjọ́ 60 tí kò fò, kọ́kọ́ fò lábẹ́ ojú tíṣà kó tó máa dá lọ. Fún láísẹ́ǹsì B, ọjọ́ 90 ni. Fún C àti D, oṣù mẹ́fà. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, torí náà ìlànà ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lọ fò ni kẹ́ ẹ wò.

Ìgbà 25 lèèyàn ń fò kó tó lè gba A. Ẹni tó ti fò nígbà 40, tó wá fi ọdún mẹ́rin jókòó sílé, akẹ́kọ̀ọ́ ni lójú tèmi, bó ti wù kí láísẹ́ǹsì rẹ̀ dán tó. Ẹ pe pápá náà lórí fóònù kẹ́ ẹ sọ òótọ́ fún wọn. Ẹ má dín ọdún kù bí ẹni tó ń dín ọjọ́ orí kù nítorí iṣẹ́ ìjọba. Ẹ bi wọ́n bóyá tíṣà máa ráyè lọ́jọ́ náà, bóyá wọ́n ní kánópì ńlá tí wọ́n lè yá yín, àti bóyá ẹni tó láṣẹ láti ká rìsáfù, ìyẹn páráṣúùtì kejì tó wà fún ọjọ́ ìṣòro, wà nítòsí.

Lẹ́yìn fóònù, ẹ gun ìwọ̀n. Nígbà tí mo kúrò ní Amẹ́ríkà, kílò 77 ni mí. Ọdún mẹ́rin iyán Àkúrẹ́ sọ mí di 88. Pọ́ùn làwọn tó ń fò fi ń ṣe ìṣirò, torí náà 170 ti di 194. Ẹ fi ìwúwo ẹrù tẹ́ ẹ máa gbé kọ́ ẹ̀yìn kún un (tèmi tó pọ́ùn 25), kẹ́ ẹ wá pín in sí ìwọ̀n kánópì. Tèmi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà oníhà mẹ́rin 210. Tẹ́lẹ̀, 195 lórí 210 jẹ́ 0.93, ní báyìí, 219 lórí 210 ti di 1.04. Ó kéré lójú, àmọ́ bí ẹrù bá ṣe ń wúwo sí i ni kánópì ń sáré sí i, tó ń yára yí, tó sì ń le mọ́ orúnkún nígbà tẹ́ ẹ bá ń balẹ̀. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń gba ẹni tó wà ní láísẹ́ǹsì A ni pé kó má kọjá 1.0. Mo fi tèmi sílẹ̀, mo yá 240 fún ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sì sẹ́ni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹrù lórí wọ́dùróòbù

Ẹ gbé e síta láàárọ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà tí oòrùn ò sí. Nílónì ni púpọ̀ nínú rẹ̀, oòrùn sì máa ń jẹ nílónì díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kójú rí i. Ọ̀rinrin àsìkò òjò tiwa níbí, láti oṣù kẹrin lọ, máa ń mú kí irin dípẹtà kí aṣọ sì bu. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò rò ni bátìrì ínfátà. Ásíìdì ń ba nílónì jẹ́ pátápátá, bẹ́ẹ̀ yàrá kan náà tí bátìrì wà làwa máa ń kó ẹrù tí a ò lò sí. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni tiyín ti sùn fún ọdún mẹ́rin, kí ẹni tó mọṣẹ́ yẹ gbogbo rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó fọkàn tán an. Ẹ wò ó bóyá eku ti wọ ibẹ̀ náà. Wọ́n fẹ́ràn ibi rírọ̀.

Gbogbo rọ́bà tó di okùn mú lára tèmi ló ti yọ́, tó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí àtè. Ẹ yọ gbogbo wọn dànù kẹ́ ẹ fi tuntun sí i, tí wọ́n ṣe fún páráṣúùtì. Ẹ má fi rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó lọ́jà Ọba rọ́pò rẹ̀ o. Èyí tí wọ́n ṣe fún un, wọ́n fẹ́ kó di okùn mú dáadáa, wọ́n sì fẹ́ kó já fúnra rẹ̀ bí okùn bá há, kí kánópì má bàa há mọ́ inú àpò.

Ẹ wá wo òrùka mẹ́ta tó wà ní èjìká kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n Bill Booth, ará Amẹ́ríkà, ni, láti nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1970, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá ń wò ó. Òrùka ńlá wà lára bẹ́líìtì, àárín àti kékeré wà lára ráísà, ìyẹn aṣọ bẹ́líìtì tó so okùn kánópì mọ́ èjìká. Àárín gba inú ńlá kọjá, kékeré gba inú àárín kọjá, ojóbó funfun kékeré kan wá di kékeré mú, wáyà kan sì wà nínú ojóbó náà. Gbogbo ìwúwo yín wà lára òrùka ńlá, àmọ́ agbára tó dé ọ̀dọ̀ wáyà ò tó nǹkan, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ kan fi lè fà á yọ. Bó bá ti pẹ́ tí wọ́n ti wà lójú kan, aṣọ ráísà á ti gan bí orí bàtà àtijọ́. Ẹ tú u, ẹ yí aṣọ náà síbí sọ́hùn-ún kó rọ̀, ẹ nu wáyà, kẹ́ ẹ tún un tò bó ṣe wà, kẹ́ ẹ sì fi ti ọ̀tún wé ti òsì.

Rìsáfù, ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Rigger tó ní ìwé àṣẹ ló ń ká a. Ní Amẹ́ríkà, òfin ní kó máà ju ọjọ́ 180 lọ kí wọ́n tó tún un ká, yálà wọ́n lò ó o, wọn ò lò ó o. Èyí tó ti lo ọdún mẹ́rin lórí wọ́dùróòbù, ẹ gbé e bó ṣe wà lọ bá rigger níbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ fò. Òun náà ni kẹ́ ẹ ní kó wo AAD, ẹ̀rọ tó ń ṣí rìsáfù bí ọwọ́ olúwarẹ̀ ò bá ṣiṣẹ́. CYPRES, tó ti Jámánì jáde lọ́dún 1991, ni ọ̀pọ̀ ń lò. Èyí tí wọ́n ṣe fún àgbà nínú fífò máa ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 750 sílẹ̀, bí ẹni náà bá ṣì ń já bọ̀ ní ìwọ̀n máìlì 78 ní wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ọjọ́ àyẹ̀wò, ó sì ní ọjọ́ tó ń kú. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Kíká a

Ẹ pa fáànù. Mo mọ̀ pé ooru Àkúrẹ́ nínú oṣù kẹta kì í ṣe eré, àmọ́ ẹ pa á láti ara ṣíwìṣì gan-an. Nígbà kejì tí mo ń ká a, iná ò sí, mi ò sì rántí pé fáànù wà lókè orí mi. Mo ti lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, kánópì ti wà léjìká mi, mo ti to gbogbo rẹ̀ tán, niná bá dé. Aṣọ náà fò dà bò mí lórí, mo sì dúró síbẹ̀ nínú rẹ̀ bí eégún tí kò mọ̀nà, àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé.

Ilẹ̀ onítáìsì dára, síméńtì lásán máa ń ha aṣọ. Ẹ gbálẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Eruku tó bá wọ inú okùn máa ń jẹ ẹ́ látinú.

Ẹ na gbogbo rẹ̀ gbọọrọ, àpò ẹ̀yìn níhà kan, kánópì níhà kejì, okùn láàárín. Bíréèkì, ìyẹn okùn ọ̀tún àti òsì tí a fi ń darí kánópì, lẹ máa kọ́kọ́ tò. Ẹ fa okùn rẹ̀ gba inú òrùka tó wà lẹ́yìn ráísà títí ojóbó kékeré tó wà lára okùn náà á fi kọjá òrùka, kẹ́ ẹ wá ti ẹnu ọwọ́ bíréèkì bọ inú ojóbó yẹn. Ọ̀tún bẹ́ẹ̀, òsì bẹ́ẹ̀. Bí ẹyọ kan bá bọ́ nígbà tí kánópì ń ṣí, ẹ ó máa pòòyì bí òkòtó.

Èyí tó kàn ni pilot chute, páráṣúùtì kékeré tí à ń sọ sínú afẹ́fẹ́ kó lè fa ńlá jáde. Mo máa ń pè é ní ọmọ páráṣúùtì. Ọ̀pọ̀ tòde òní ló ní okùn kan nínú tẹ́ẹ̀pù gígùn tó so ó mọ́ kánópì. Bí kánópì bá ti ṣí tán, okùn yẹn á pa ọmọ náà kú kó má bàa máa fà wá sẹ́yìn. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ká kánópì lẹ gbọ́dọ̀ jí i. Ẹ di ìdí rẹ̀ mú, kẹ́ ẹ fa okùn inú yẹn títí àwọ̀ tí wọ́n fi sí i lára á fi hàn lójú fèrèsé kékeré tó wà lára tẹ́ẹ̀pù. Bí àwọ̀ ò bá hàn, òkú lẹ dì sínú àpò.

Òkú náà ni èmi dì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ká a tán, mo pa àpò dé, mo fi píìnì sí i, mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tá a jọ kọ́ṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e sí àgbàlá láti tú u. Ọmọ ọmọ ìyá onílé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló bá fa ọmọ páráṣúùtì yọ, ó di tẹ́ẹ̀pù rẹ̀ mú nítòsí ìdí, ó sì fi sáré. Ó yẹ kó wú pọ̀ǹbọ̀. Ṣe ló ń wọ́ tẹ̀ lé e bí àkísà. Ìyá onílé tó ń ṣa ẹ̀fọ́ lórí àpótí ló kọ́kọ́ sọ ọ́: "Kékeré yẹn ò mà gba afẹ́fẹ́ o." Mo wo ojú fèrèsé tẹ́ẹ̀pù: kò sí àwọ̀ kankan. Lókè, bẹ́ ẹ bá sọ irú ẹ̀, ṣe lá máa gbọ̀n lẹ́yìn yín láìfa nǹkan kan, ilẹ̀ á sì máa bọ̀. Láti ọjọ́ náà, kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn ni mo ti máa ń jí i, màá sì tún fi ìka kan àwọ̀ yẹn kí n tó pa àpò dé.

Ẹ wá ti ọ̀dọ̀ ráísà rìn lọ sókè, ìka yín láàárín okùn, kẹ́ ẹ máa ti sláídà níwájú bẹ́ ẹ ṣe ń lọ. Sláídà ni aṣọ onígun mẹ́rin tó ní òrùka níkọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin; òun ló ń dá kánópì dúró díẹ̀ kó má bàa ṣí gbàù. Bí tiyín bá ní okùn tó ń fún un pọ̀, ẹ tú u. Bí okùn kankan bá gba ibi tí kò yẹ kó gbà, ìka yín ló máa kọ́kọ́ mọ̀.

Ẹ gbé kánópì kọ́ èjìká bí ẹni ká apá agbádá sókè. Ẹ wá imú rẹ̀, ìyẹn àwọn ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Tèmi ní yàrá mẹ́sàn-án, tàwọn mìíràn ní méje. Ẹ kà á pé, kẹ́ ẹ fi orúnkún di imú náà mú. Láti ibẹ̀, ẹ máa fa aṣọ tó wà láàárín okùn A àti B (A ni ọ̀wọ́ okùn tó wà níwájú jù, D ló wà lẹ́yìn) jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà B àti C, lẹ́yìn náà C àti D, ọ̀tún lẹ́yìn náà òsì. Ohun tẹ́ ẹ ń wá ni kí okùn wà láàárín bí eegun, kí aṣọ wà níta bí ẹran. Ẹ ti sláídà sókè pátápátá títí òrùka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fi kan ibi ìdúró wọn, kẹ́ ẹ pín in sí mẹ́rin láàárín ìdì okùn. Ẹ má kánjú níbí. Bí sláídà bá ti sọ̀kalẹ̀ kó tó di pé kánópì jáde, kánópì lè ṣí pẹ̀lú ipá tó máa ya aṣọ tàbí kó ṣe ọrùn èèyàn léṣe.

Ìrù ló kù. Ẹ wá àárín rẹ̀, níbi tí wọ́n lẹ àkọlé ìkìlọ̀ mọ́, ẹ fi àtàǹpàkò dì í mọ́ okùn, kẹ́ ẹ mú etí rẹ̀ méjèèjì yí gbogbo rẹ̀ ká, kẹ́ ẹ sì ká a bí ẹní. Ẹ wá tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn, kí okùn má rọ̀. Ẹ fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde pẹ̀lú orúnkún àti àyà. Bí aṣọ yín bá jẹ́ irú èyí tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá rárá, tó sì ṣì tuntun, á máa yọ̀ bọ́rọ́ lọ́wọ́ yín bí ẹja àrọ̀. Sùúrù ni, òógùn náà sì ni. Ẹ ṣẹ́ ẹ bíi lẹ́tà S, kẹ́ ẹ ti í sínú àpò inú, kẹ́ ẹ fi rọ́bà ti ẹnu rẹ̀. Okùn tó bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà kọ̀ọ̀kan kó máa tó ínǹṣì méjì sí méjì ààbọ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí nǹkan bí ínǹṣì 18 sí 24 ṣẹ́ kù láìdì kó tó kan ráísà.

Bí ewé àpò ẹ̀yìn ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn ní pípadé, ìwé tó bá àpò yín wá ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ẹ wo ojóbó tí píìnì ń gbà: bí fọ́nrán rẹ̀ bá ti ń tú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tó bá já nígbà tí kò yẹ, kánópì lè jáde kí ọmọ páráṣúùtì ṣì wà nínú àpò rẹ̀, ọ̀kan lára wàhálà tó burú jù lókè nìyẹn.

Wákàtí méjì ni mo fi ká àkọ́kọ́. Nígbà tó fi máa di ìkejìlá, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti di ìṣẹ́jú 25. Èyí tẹ́ ẹ bá ká nílé, ẹ má fò pẹ̀lú rẹ̀ o. Ẹ tú u ní pápá, kẹ́ ẹ tún un ká lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ọwọ́ pupa, ọwọ́ fàdákà

Àwọn sójà tó ń fò ní Mákúrdí, tí wọ́n bá so okùn mọ́ bàálù, bàálù ló ń fa páráṣúùtì wọn ṣí. Tiwa, ọwọ́ wa ni. Mo gán aṣọ pupa mọ́ àyà ọ̀tún ṣẹ́ẹ̀tì kan, dípò ọwọ́ pupa tó ń já kánópì dànù, mo gán aṣọ eérú mọ́ òsì, dípò ọwọ́ fàdákà tó ń ṣí rìsáfù, mo sì fi bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì sínú ìbọ̀sẹ̀ tí mo so mọ́ ìdí bẹ́líìtì lẹ́yìn, ní apá ọ̀tún, níbi tí ọmọ páráṣúùtì máa ń wà. Alaalẹ́, kí n tó jẹun, mo máa ń dojú bolẹ̀ lórí àpótí, ìbàdí síwájú, ẹsẹ̀ àti orí sókè, màá fi ọwọ́ juwọ́ lókè orí láti kìlọ̀ fún ẹni tó bá wà lókè mi, màá nawọ́ sẹ́yìn, màá fà á, màá sì sọ ọ́ nù. Jíjù ni o, ẹ má dì í mú. Ìgbà 20 lálẹ́ kan.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti jù ú, ẹ kà. "Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún": ẹ fi fóònù ṣọ́ ara yín kẹ́ ẹ rí i pé ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún gan-an ló ń gbà. Ẹnì tí ẹ̀rù bá ń bà, á ka márààrún láàárín méjì. Ẹni tó dojú bolẹ̀ ń já bọ̀ ní nǹkan bíi máìlì 120 ní wákàtí kan, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ààbọ̀. Bẹ́ ẹ bá ka àrún tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, òkè Ìdànrè kékeré kan ti lọ nínú gíga yín.

Bí kánópì bá ti jáde, ìbéèrè mẹ́ta ni: Ṣé ó wà? Ṣé ó tẹ́? Ṣé ó ń gbọ́ràn? Okùn tó lọ́ po, ẹ ya ráísà sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ máa tàpá títí á fi tú. Sláídà tó há sókè tàbí yàrá ẹ̀gbẹ́ tí kò kún, ẹ fa bíréèkì méjèèjì sílẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ dì í mú díẹ̀, kẹ́ ẹ sì rọra jù ú sílẹ̀. Bí okùn bá gun orí kánópì, tàbí tí àpò ò ṣí rárá, tàbí tó ń pòòyì tí kò gbọ́ ọwọ́, ẹ má bá a ṣe àríyànjiyàn. Fún akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tó wà ní láísẹ́ǹsì A, ẹsẹ̀ bàtà 2,500 ni ibi ìpinnu: ẹ wo pupa, ẹ dì í mú, ẹ wo fàdákà, ẹ dì í mú, ẹ fa pupa títí apá á fi nà tán, kẹ́ ẹ wá fa fàdákà. Bí wọ́n bá kọ́ yín láti lo ọwọ́ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tàbí ọwọ́ méjèèjì fún ẹyọ kan, èyí tí wọ́n kọ́ yín ni kẹ́ ẹ dì mú. Ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 1,000, ẹ má já kánópì dànù mọ́. Ẹ fi rìsáfù kún èyí tó wà lókè yín. Bó bá sì jẹ́ pé kò sóhun tó jáde rárá, fàdákà ni tààrà.

Áltímítà lórí Òkè Ìdànrè

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo so áltímítà, ẹ̀rọ tó ń sọ bí èèyàn ṣe ga tó sílẹ̀, mọ́ ọwọ́ òsì, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìdànrè. Ní ìdí àtẹ̀gùn, mo tún un tò sí òdo. Mo wá ń gun àtẹ̀gùn 660 yẹn, mo ń wo abẹ́rẹ́ ní gbogbo ibi ìsinmi, kì í ṣe nítorí gíga òkè náà, bí kò ṣe kí ojú mi lè tún mọ bó ṣe ń wo ọwọ́ láìrò ó. Orúnkún mi náà rí ìdánwò tirẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé áltímítà ò mọ ilẹ̀, ibi tẹ́ ẹ bá ní kó pè ní òdo ló mọ̀. Àkúrẹ́ fi ohun tó lé ní mítà 300 ga ju òkun lọ, ìyẹn ju ẹsẹ̀ bàtà 1,000. Bí ẹnì kan bá tún tirẹ̀ tò sí òdo létí òkun l'Ékòó, tó wá fò sórí ilẹ̀ wa níbí láìtún un tò, abẹ́rẹ́ á ṣì máa sọ pé 1,000 kù nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan ilẹ̀. Ní pápá tẹ́ ẹ máa balẹ̀ sí ni kẹ́ ẹ ti tò ó, láàárọ̀, kẹ́ ẹ sì tún wò ó kẹ́ ẹ tó wọ bàálù. AAD náà, ilẹ̀ pápá yẹn lẹ ti máa tàn án.

Ọjọ́ fífò

Ẹ gbé ẹrù yín lọ́wọ́ wọ bàálù ìrìn àjò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó o sínú ẹrù ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú káàdì tó bá AAD wá dání fún àwọn tó ń yẹ ẹrù wò. Ẹ dé ní ọjọ́ kan ṣáájú, kẹ́ ẹ sùn.

Ẹ jẹ́ kí tíṣà dán yín wò lórí ilẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ yín rí. Ẹ má ṣe eré kankan lókè ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ má bá ẹnikẹ́ni di ọwọ́ mú. Èmi àti tíṣà jọ fò ni, a ṣàdéhùn pé ẹsẹ̀ bàtà 5,000 ni màá ti fà á, bẹ́ẹ̀ 3,000 ni òpin fún ẹni tó wà ní láísẹ́ǹsì A. Ẹ yẹ ẹrù wò ní ìgbà mẹ́ta: kẹ́ ẹ tó gbé e kọ́, kẹ́ ẹ tó wọ bàálù, kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Kí ẹlòmíràn fojú kan píìnì ẹ̀yìn yín. Bẹ́líìtì itan, bẹ́líìtì àyà, pupa, fàdákà, ọmọ páráṣúùtì: ẹ fọwọ́ kàn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́nu ilẹ̀kùn, inú mi dà rú. Ariwo afẹ́fẹ́ yẹn, mo ti gbàgbé bó ṣe máa ń le tó. Kò sí pálọ̀ tó lè kọ́ èèyàn nìyẹn. Nígbà tí áltímítà sọ 5,000, ọwọ́ mi ti wà lẹ́yìn kí n tó mọ̀ pé mo rán an. Mo kà dé ẹ̀ta, kánópì sì fà mí sókè.

Lábẹ́ rẹ̀, ẹ dán bíréèkì wò kẹ́ ẹ tó ṣe ohun mìíràn: yí sọ́tùn-ún, yí sósì, fà á sílẹ̀ pátápátá. Ẹ wá pápá, ẹ wo aṣọ tó ń fi ọ̀nà afẹ́fẹ́ hàn. Ọ̀nà tí wọ́n sábà ń kọ́ni ni pé ní ẹsẹ̀ bàtà 1,000, kẹ́ ẹ máa bá afẹ́fẹ́ lọ. Ní 600, kẹ́ ẹ yà gba ẹ̀gbẹ́. Ní 300, kẹ́ ẹ kọjú sí afẹ́fẹ́, kẹ́ ẹ má sì yí mọ́. Ẹ lẹ ẹsẹ̀ àti orúnkún pọ̀. Bí ẹ bá ṣiyèméjì, ẹ yí gbirigbiri: ẹsẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ojúgun, itan, ìbàdí, ẹ̀yìn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ láìtijú, pẹ̀lú koríko lẹ́nu.

Ẹ kó okùn jọ, ẹ gbé kánópì kọ́ apá, ẹ wo aṣọ bóyá ó ya níbì kan, kẹ́ ẹ sì pa AAD bí ẹ bá ti ṣe tán fún ọjọ́ náà. Ìyá onílé pè mí lórí WhatsApp ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní, "Kékeré yẹn ńkọ́?" Mo ní ó gba afẹ́fẹ́. Mo sì jókòó sílẹ̀ láti kọ ọ́ sínú ìwé fífò: ọjọ́, gíga, kánópì 240, ẹni tó ká a, àti bí mo ṣe balẹ̀.